Bí A Ṣe Ń Yẹ Ipa Ìwakùsà Wò Lórí Àdán Tí Ó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dàwátì: Àpẹẹrẹ Òkè Nimba

Lórí Òkè Nimba, níbi tí ilẹ̀ Gínì, Làìbéríà àti Côte d'Ivoire ti fara kan ara wọn, àdán kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí níbòmíràn láyé. Hipposideros lamottei ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọdún 1985 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ọ̀tọ̀, àjọ IUCN, tí ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá lágbàáyé, sì ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kí wọ́n pa rẹ́. Òkè yìí kan náà ni irin kún inú rẹ̀. Wọ́n wa irin lápá Làìbéríà láti ọdún 1963 títí di òpin àwọn ọdún 1980, wọ́n sì tún padà sẹ́nu rẹ̀ ní 2011. Lápá Gínì, tí UNESCO ti kọ sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé láti 1981, wọ́n ya ibi tí irin wà sọ́tọ̀ kúrò nínú ààlà ogún náà ní 1993, kí ìwakùsà lè ráyè níbẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá pè pé kí ó wá sọ ohun tí ìwakùsà yóò ṣe sí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, ẹrù tí ó wúwo ni wọ́n gbé lé e lórí, nítorí pé bí ó bá ṣìṣe, kò sí igbó mìíràn tí a ó ti lọ mú àdán náà wá. Ẹni náà ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín, yálà akẹ́kọ̀ọ́ ni, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé ìjábọ̀ ẹlẹ́gbẹ̀rún ojú-ìwé síwájú rẹ̀ pé kí ó fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan ṣáájú. Àwa Yorùbá kì í pe gbogbo wọn ní orúkọ kan. Àdán ni èyí tí ó tóbi, tí ń jẹ èso, tí a máa ń rí tí wọ́n so rọ̀ lórí igi lọ́gọọ̀rọ̀ ní Ifẹ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Òòbẹ̀ ni èyí tí ó kéré, tí ń jẹ kòkòrò, tí ń gbé inú àjà àti inú ihò. Nínú ìwé yìí n óò máa lo àdán fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ìyàtọ̀ náà sọ́kàn, nítorí pé òòbẹ̀ ni ti Nimba. Bí wọ́n bá gé igi kan, àdán orí igi lè ṣí lọ sórí òmíràn. Bí ihò kan bá wó, òòbẹ̀ inú rẹ̀ lè má rí òmíràn tí ó bá a lára mu.

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ fún ọ

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń fi lé olùyẹ̀wò lọ́wọ́ ni àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ìlà pupa yí ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ká. Bí o bá fi iṣẹ́ rẹ mọ sínú ìlà pupa yẹn, o ti ṣìṣe kí o tó kúrò nínú ọ́fíìsì. Ibi tí àdán ń sùn sí lọ́sàn-án lè wà nínú ìlà, kí ibi tí ó ti ń jẹun lóru wà lóde, tàbí kí ó jẹ́ òdì-kejì èyí. Nítorí náà, láti ara ẹranko náà ni kí o ti ya ààlà iṣẹ́ rẹ: wá gbogbo ibùwọ̀ tí a mọ̀ àti èyí tí a lérò pé ó lè wà, fi odò, àfonífojì àti igbó tí ó so wọ́n pọ̀ kún un, kí o tó wá gbé ìlà ilé-iṣẹ́ lé e lórí láti wo ibi tí wọ́n ti pàdé. Ní Nimba, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò gbé ọ kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè, nítorí pé àdán kì í fi ìwé ìrìnnà hàn ní bọ́dà.

Ka ohun tí ó wà nílẹ̀ kí o tó jáde: àkọsílẹ̀ IUCN, àwọn àdán tí àwọn onímọ̀ ti mú láyé àtijọ́ tí wọ́n wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àti ìjábọ̀ àwọn awakùsà tí ó ti kọjá. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti dún létí lọ. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, àwọn tí ń wá irin ní apá Gínì gbẹ́ ihò tóóró wọ inú òkè láti wo bí irin ṣe pọ̀ tó, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Àdán ló gba ilé náà. Ohun tí ìwakùsà àná gbẹ́ ni ó di ibùwọ̀ fún ẹ̀dá tí ìwakùsà ọ̀la lè pa run, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ihò náà ń wó díẹ̀díẹ̀ fúnra wọn. Irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ ní Pilbara ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà pẹ̀lú, níbi tí ẹ̀yà àdán tí òfin dáàbò bò ti sọ ihò àwọn awagóòlù àtijọ́ di ilé. Nítorí náà, má ṣe kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ pé ihò tí ènìyàn gbẹ́ kì í ṣe ibùgbé àdánidá, kí o sì tìtorí bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Mo ti ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí, torí pé ohun tí àdán ń wò ni ooru, ọ̀rinrin àti ààbò. Kò bèèrè ẹni tí ó gbẹ́ ihò.

Ohun tí a rí ní 2018 yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé ọ. Àwọn olùwádìí láti ẹgbẹ́ Bat Conservation International àti ilé-iṣẹ́ tí ó ni ìwé àṣẹ irin náà ń wá Hipposideros lamottei nínú àwọn ihò àtijọ́ wọ̀nyí. Àdán mìíràn ni wọ́n bá pàdé: irun rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí ọsàn tí ó pọ́n, awọ ìyẹ́ rẹ̀ sì dúdú. Eric Bakwo Fils, onímọ̀ láti Yunifásítì Maroua ní Kamẹrúùnù, wà lára àwọn tí wọ́n kíyè sí i pé kò jọ èyí tí ìwé kankan ṣàpèjúwe. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, wọ́n kéde rẹ̀ ní ẹ̀yà tuntun, wọ́n sì sọ ọ́ ní Myotis nimbaensis. Ẹ̀dá kan wà nínú ihò náà tí sáyẹ́ǹsì kò tilẹ̀ tíì fún lórúkọ. Bí ihò náà bá ti wó ṣáájú, a kì bá tí mọ̀ pé a pàdánù nǹkan.

Wíwọ inú ihò

Ọ̀sán ni a ń wá ibùwọ̀. Máa wo ìgbẹ́ wọn nílẹ̀, ìyẹ́ kòkòrò tí wọ́n jẹ kù, àbàwọ́n lára àjà ihò, kí o sì máa fi imú gbọ́ òórùn. Bí ihò kan bá ṣofo lónìí, kọ ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé àdán máa ń lo ihò kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ó sì kó lọ sí òmíràn nígbà òjò.

Má ṣe dá wọ inú ihò ìwakùsà àtijọ́ láéláé. Òrùlé rẹ̀ lè já, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì lè má tó mí; ẹ̀rọ tí ń wọn afẹ́fẹ́ ni kí ó ṣáájú rẹ, kí ẹnìkan sì dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìlànà ohun tí yóò ṣe bí o kò bá jáde lásìkò. Ọ̀rọ̀ àìsàn náà kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní 2007, àwọn awakùsà ní ihò Kitaka ní Ùgáńdà kó àrùn Marburg, ibà apani tí ó jọ Ebola, níbi tí àdán pọ̀ sí; àrùn yìí kan náà sì yọjú ní ẹkùn igbó ilẹ̀ Gínì ní 2021. Ẹ̀yà tí a mọ̀ mọ́ Marburg kì í ṣe èyí tí à ń wá yìí, ṣùgbọ́n oríṣi púpọ̀ lè jọ gbé inú ihò kan. Nítorí náà, ìbọ̀wọ́, ìbomú àti aṣọ tí ó bo ara jálẹ̀ ni kí o wọ̀, kí ẹni tí yóò fọwọ́ kan àdán ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kí ẹ sì fi oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn fọ bàtà àti okùn láti ihò kan sí èkejì, kí ẹ má baà gbé àrùn lọ fún àwọn ẹranko náà.

Nígbà tí abo bá wà pẹ̀lú ọmọ lára, má wọlé rárá. Bí ìyá bá ta gìrì, ọmọ lè já bọ́, ìyá sì lè kọ ihò náà sílẹ̀. Ìta ni kí o ti ṣe gbogbo iṣẹ́ ìgbà yẹn.

Kíkà ní àṣálẹ́

Èyí ni apá iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù, òun náà sì ni a máa ń kánjú ṣe jù. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ihò kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ má ṣe dí ọ̀nà, kí ẹ pa iná tọ́ọ̀ṣì àti fóònù. Afẹ́fẹ́ tí ń ti inú òkè jáde yóò kọ́kọ́ kàn yín lójú, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń rùn bí ìgbẹ́ àdán. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ọ̀kan yóò yọ sẹ́nu ihò, yóò yí po, yóò sì padà sínú, bí ọmọdé tí a rán pé kí ó lọ wo bóyá òjò ti dá. Bí ẹ bá kà á ní ọ̀kan tí ó jáde láìyọ ìpadàsẹ́yìn rẹ̀ kúrò, iye yín ti lọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ìdí nìyí tí ènìyàn méjì fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tí ọ̀kan ń fi ẹ̀rọ ìṣírò kékeré ọwọ́ rẹ̀ ka èyí tí ń jáde, tí èkejì ń ka èyí tí ń wọlé, tí kámẹ́rà tí ń ríran lókùnkùn sì ń ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí a lè padà kà á lọ́jọ́ kejì. Ẹ ka ihò kan náà fún òru púpọ̀, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò, kí ẹ sì kọ bí òṣùpá àti ojú ọjọ́ ṣe rí. Bí ihò méjì bá súnmọ́ ara wọn, alẹ́ kan náà ni kí ẹ ka méjèèjì, kí àdán kan má baà di méjì nínú ìwé.

Ohùn tí etí wa kò gbọ́

Àdán tí ń jẹ kòkòrò ń fi ìró ohùn rẹ̀ ríran. Ó ń ké, ó sì ń gbọ́ bí igbe náà ṣe ń padà bọ̀ lára igi àti kòkòrò. Kílóhẹ́ẹ̀tì ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ju nǹkan bí 20 kílóhẹ́ẹ̀tì lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ìdílé Hipposideros ń ké lókè 100. Ohun méjì ni èyí mú wá. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ka ohùn ní ìlọ́po méjì igbe tí à ń wá, ó kéré tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba igbe 140 kílóhẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nílò ẹ̀rọ tí ń kà ju ìgbà 280,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí ni ó fi jẹ́ pé 384,000 ni púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ń yàn. Bí ẹnìkan bá yàn án sí 192,000 nítorí kí káàdì ìrántí má baà tètè kún, àdán náà lè máa jó lójú ẹ̀rọ láti alẹ́ di òwúrọ̀ kí a má rí i.

Èkejì ni pé ohùn tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ máa ń yára kú nínú afẹ́fẹ́, pàápàá nínú afẹ́fẹ́ òkè tí ó kún fún ìkùukùu. Ìwọ̀nba mítà díẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò ti gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ kan tí a gbé kọ́ sórí igi láàrin pápá kò lè jẹ́rìí fún gbogbo òkè. Ẹ fi wọ́n sẹ́nu ihò, sójú ọ̀nà tóóró nínú igbó àti létí odò, kí wọ́n sì pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò hàn yín, nítorí pé níhìn-ín ni ìjábọ̀ púpọ̀ ti ń ṣubú. Ká ní àdán wà níbì kan lóòótọ́, kí ẹ̀rọ sì ní àǹfààní ìdá kan nínú márùn-ún láti gbọ́ ọ lóru kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn òru mẹ́ta, ó ṣì ku nǹkan bí ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún pé ẹ ó ti pàdánù rẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn òru 10, ó di nǹkan bí ìdá 11. Ó di òru 14 kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ ìdá 5. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ fún òru mẹ́ta tí ó sì kọ ọ́ pé àdán kò sí níbẹ̀, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó ta owó ẹyọ sókè. Gbólóhùn méjì tí ó yàtọ̀ síra ni "a kò rí i" àti "kò sí níbẹ̀"; èkejì gba kí a ṣiṣẹ́ fún un.

Mímú àti dídá mọ̀

Ohùn nìkan kò tó, nítorí pé àwọn ìbátan Hipposideros lamottei ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì jọ ara wọn gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀ irun kò fi ṣeé gbára lé. Ìgbà mìíràn yóò wà tí ẹ ó ní láti fi àwọ̀n tínrín tàbí pańpẹ́ olókùn mú wọn, kí ẹ wọn gígùn egungun apá, kí ẹ wo akọ tàbí abo, kí ẹ wò bóyá abo lóyún tàbí ó ń fún ọmọ lọ́mú, kí ẹ sì gé awọ bíńtín lára ìyẹ́ fún àyẹ̀wò DNA. Ẹni tí ó ti kọ́ṣẹ́ náà, tí ó sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, nìkan ni kí ó ṣe é. Àwọ̀n kò gbọ́dọ̀ wà láìsí olùṣọ́, abo olóyún ni a sì máa ń kọ́kọ́ dá sílẹ̀.

Oyún àti ọmú wọ̀nyí ni ẹ̀rí tí ó wúwo jù lọ tí ẹ ó mú bọ̀. Àdán irú èyí sábà máa ń bí ọmọ kan ṣoṣo lọ́dún. Ihò tí wọ́n ti ń bímọ kò ṣeé fi wé ihò tí akọ mẹ́ta ń sùn sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ihò kan ni a ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí àwòrán ilẹ̀.

Wíwọn ipa náà

Mú ibùwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì bèèrè ohun tí yóò dé bá a láti ọjọ́ tí katakata àkọ́kọ́ bá dé títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ti ihò ìwakùsà pa. Gbígbẹ́ ihò náà dànù ni èyí tí gbogbo ènìyàn ń rí. Èyí tí ó farasin ni ìmìtìtì láti ara ohun abúgbàù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta: a ń fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n ní mìlímítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ihò tí ó ti ń wó tẹ́lẹ̀ kò sì nílò púpọ̀ kí ó tó dí. Iná tí wọ́n tàn kalẹ̀ lóru lè dí ọ̀nà tí àdán ń gbà lọ jẹun. Gígé igbó ń mú kòkòrò tí wọ́n ń jẹ dín kù. Ọ̀nà mọ́tò tuntun ń mú ọdẹ àti àgbẹ̀ wá sí ibi tí ẹsẹ̀ kò dé rí. Fífà omi abẹ́ ilẹ̀ lè mú kí inú ihò gbẹ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rinrin ni ó ń dá àwọn kan dúró níbẹ̀.

Má ṣe wọn iṣẹ́ náà bí ẹni pé òun nìkan ló wà lórí òkè. Ohun tí ìwakùsà ti jẹ lápá Làìbéríà gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò ẹni tí ń yẹ apá Gínì wò, nítorí pé òkè kan ni, ẹ̀dá kan ni.

Nípa òṣùwọ̀n, ìlànà kẹfà ti IFC, ẹ̀ka Báǹkì Àgbáyé tí ń yá àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lówó, ni àwọn ayánilówó sábà máa ń lò. Gẹ́gẹ́ bí ìtọ́sọ́nà rẹ̀, ibi tí ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo iye ẹ̀dá kan tí ó wà nínú ewu ńlá láyé ń gbé, pẹ̀lú ó kéré tán márùn-ún nínú àwọn ẹbí tí ń bímọ, di ibùgbé pàtàkì, níbi tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀dá náà yóò jèrè lápapọ̀. Fún àdán tí gbogbo rẹ̀ láyé wà lórí òkè kan, ìdá 0.5 yẹn kò nira láti dé rárá.

Ètò àtúnṣe ní bí a ṣe ń tò ó: kọ́kọ́ yẹra fún ìpalára, kí o dín èyí tí kò ṣeé yẹ̀ kù, kí o tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe, kí ìdípò, ìyẹn fífi ibòmíràn dípò èyí tí a bàjẹ́, sì jẹ́ ìkẹyìn. Ní Nimba, Bat Conservation International àti ilé-iṣẹ́ náà ti kọ́ ihò tuntun tí wọ́n fi ohun líle gbé ró, jìnnà sí ibi ìwakùsà, kí àdán lè kó lọ síbẹ̀. Mo yìn wọ́n fún un. Síbẹ̀, ihò tuntun kò tíì di ilé títí àdán yóò fi bímọ sínú rẹ̀. Fi ẹ̀rọ tí ń wọn ooru àti ọ̀rinrin sínú ihò àtijọ́ fún ọdún kan gbáko, kí o kọ́ tuntun kí ó bá a dọ́gba, kí ìwé àṣẹ sì sọ pé a kò ní fọwọ́ kan ti àtijọ́ kí a tó rí abo pẹ̀lú ọmọ nínú tuntun. Bí wọ́n bá sọ pé èyí yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn, òótọ́ ni.

Ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà ní òfin àyẹ̀wò ipa lórí àyíká ti 1992 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yà ìbátan Hipposideros ti Nimba wà nílé wa náà: Iroro Tanshi, onímọ̀ nípa àdán, tún rí Hipposideros curtus ní òkè Afi ní Ìpínlẹ̀ Cross River ní 2016, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá tí ẹnìkan kò rí i ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Whitley, tí wọ́n ń fún àwọn tí ń dáàbò bo ẹ̀dá, ní 2021. Iná igbó ni òun àti àwọn ará abúlé jọ ń gbógun tì níbẹ̀, kì í ṣe ìwakùsà, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń wá ihò kiri ni ẹ̀yin náà yóò ṣe wá a.

Nínú ìjábọ̀, kọ iye òru, iye wákàtí, ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́, ihò tí o kò lè wọ̀ àti ìdí rẹ̀. Fi ohùn tí o gbà sílẹ̀ pamọ́ síbi tí ẹlòmíràn ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn èyí, kọ ohun tí yóò dá iṣẹ́ dúró kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: bí iye àdán tí ń jáde ní ihò kan bá sọ̀ kalẹ̀ ju ìwọ̀n tí ẹ fẹnu kò sí lọ, kí fífọ́ àpáta ní àgbègbè náà dáwọ́ dúró títí a ó fi mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ awakùsà ni kí ó máa kà á, pẹ̀lú àwọn ará abúlé tí a ti kọ́. Kí orúkọ ẹni tí ó ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró wà nínú ìwé náà, pẹ̀lú nọ́ńbà tí yóò gbé lóru, nítorí pé òru ni a ń ka àdán.